Òwúrọ̀ Méjì ní Mabamba: Àkọsílẹ̀ Ìrìnàjò Ìwòran Ẹyẹ Kan ní Ùgáńdà

Àlejò mẹ́fà ni a kó lọ sí Ùgáńdà nínú oṣù Keje, fún ọjọ́ mọ́kànlá, ẹyẹ mẹ́ta ni a sì fi fà wọ́n wá. Àkọ́kọ́ ni shoebill, ẹyẹ aláwọ̀ eérú tó ga ju mítà kan lọ, tí ẹnu rẹ̀ rí bí bàtà onígi, tí kì í sì jìnnà sí irà papírúsì. Èkejì ni Green-breasted Pitta, tó ń gbé ilẹ̀ igbó Kibale, tí à ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ju bí a ṣe ń rí i lọ. Ẹ̀kẹta ni African Green Broadbill, ẹyẹ kékeré tó dà bí ewé, tí ọ̀fun rẹ̀ kun aró díẹ̀. Ní gbogbo ayé, igbó Bwindi ní Ùgáńdà àti àwọn òkè kan ní ìlà-oòrùn Kóńgò nìkan ni a ti mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo kọ ìwé ètò tí a fi ránṣẹ́ sí àwọn àlejò. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ ó rí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta." Gbólóhùn yẹn ti ba ìrìnàjò náà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wọ bàálù.

Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mímú àlejò wọ igbó tàbí irà ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí, ìbáà jẹ́ ní Ùgáńdà, ní Kẹ́ńyà tàbí nílé lọ́dọ̀ wa. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́, n kò sì ní dárúkọ ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú àwọn tí a kó. Tọkọtaya kan wà tí wọ́n ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ẹyẹ tí wọ́n bá rí sínú ìwé láti ìgbà èwe. Iye tuntun tí wọn yóò fi kún un ni tiwọn. Ọkùnrin méjì jẹ́ ayàwòrán, lẹ́ńsì kámẹ́rà wọn gùn tó apá ọmọdé. Ẹyẹ tí kò bá hàn kedere nínú fọ́tò, bí ẹni pé wọn kò rí i ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń gba ohùn ẹyẹ sílẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ ló ń wá kiri. Ẹ̀kẹfà ni Màmá, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù títí ó fi fẹ̀yìn tì, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin fi ìrìnàjò náà ta lọ́rẹ. Màmá kò tíì fi awò wo ẹyẹ rí. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún a máa dùn ún, ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan nínú fọ́ọ̀mù wa tí a ti béèrè ọ̀rọ̀ orúnkún. A kò sì béèrè ohun tí oníkálukú ń wá. A kó ìfẹ́ mẹ́rin sínú ọkọ̀ kan, a rò pé ibì kan náà ni gbogbo wọn ń lọ.

Amọ̀nà àgbà wa jẹ́ ọmọ Ùgáńdà, ó ti lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ó jù mí lọ dáadáa, bí àbúrò ló ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀, Ẹ̀gbọ́n ni èmi náà yóò sì máa pè é níbí. Òun ló yan oṣù Keje, torí pé òjò kì í pọ̀ nígbà náà, pitta sì máa ń ké.

Òwúrọ̀ àkọ́kọ́

Òru ni bàálù dé Entebbe. Ẹ̀gbọ́n ti sọ fún mi tipẹ́ pé aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni kí a kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì, kí a lè wà lórí omi kí oòrùn tó mú. Mo wo ojú àwọn àlejò, mo rí i pé ó ti rẹ̀ wọ́n, mo ní kí wọ́n sùn, kí wọ́n sì jẹun kí a tó jáde. Aago mẹ́wàá ku díẹ̀ ni a dé etí omi Mabamba.

Mabamba jẹ́ irà ńlá létí Adágún Victoria, ní ìwọ̀-oòrùn Entebbe. Ọdún 2006 ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ Ramsar, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí àwọn ilẹ̀ olómi. Papírúsì ga ju ènìyàn lọ níbẹ̀, ọ̀nà omi tóóró ló la àárín rẹ̀ kọjá, òṣíbàtà tẹ́wé lójú omi, àwọn ẹyẹ jacana sì ń fi ìka ẹsẹ̀ gígùn rìn lórí rẹ̀ bí ẹni ń rìn lórí ẹní. Àwọn apẹja ló ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Nígbà kan, bí apẹja bá pàdé shoebill láàárọ̀, ó gbà pé òfìfo ni òun yóò gbé wálé, wọn a sì máa pa ẹyẹ náà nítorí èyí. Lónìí, àwọn apẹja àti ọmọ wọn ló ń tu àlejò lọ wo ẹyẹ kan náà, owó ibẹ̀ sì ti di oúnjẹ ilé wọn. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń tu ọkọ̀ wa. Ó mọ irà yẹn ju gbogbo wa lọ, èmi ni mo sì mú un ṣe ohun tí ìmọ̀ rẹ̀ kọ̀.

Shoebill kan dúró láàárín koríko, ó tó ọgọ́ta mítà sí wa, orí nìkan ló hàn. Kò mira. Ọkọ̀ mẹ́rin mìíràn ti wà níbẹ̀, torí pé atukọ̀ tó bá rí ẹyẹ a máa fi fóònù pe àwọn yòókù. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra, ṣùgbọ́n ọ̀nà omi Mabamba kò gba ọkọ̀ márùn-ún. Àwọn ayàwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé koríko bo àyà ẹyẹ. Mo yíjú sí atukọ̀, mo ní tó bá lè sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i, màá fi nǹkan kún owó rẹ̀. Ó wo Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n wò mí, kò sọ̀rọ̀, nítorí èmi ni mo mú àlejò wá. Atukọ̀ ní, "Ssebo, mpola mpola," ìyẹn ni pé, ọ̀gá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ó ki ọ̀pá bọ ẹrẹ̀, ó sì tì wá síwájú.

Kò ju ogún mítà tí a lọ. Omi rú, ẹrẹ̀ dúdú sọ sókè, ọkọ̀ wa gba ìdí papírúsì lu. Ẹyẹ náà ṣí apá tó fẹ̀ ju mítà méjì lọ, ó gbéra, ó sì bà sí òdìkejì irà níbi tí ọkọ̀ kankan kò lè dé. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ yòókù ti jókòó síbẹ̀ láti aago méje. Obìnrin kan nínú wọn gbé awò rẹ̀ sílẹ̀, ó wò wá, kò sọ nǹkan kan. N kò tíì gbàgbé ojú yẹn.

Nígbà tí a ń padà ni Ẹ̀gbọ́n tó ṣàlàyé. Ẹja tí shoebill fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní mamba, ẹja tó ní ẹ̀dọ̀fóró, tó gbọ́dọ̀ yọjú sókè mí. Ìdí nìyẹn tí ẹyẹ náà fi ń dúró bí ère: ó ń ṣọ́ ibi tí ẹja yóò ti yọ. Bí omi bá ti rú, ó di ibòmíràn, gbogbo ìdúró tó ti dúró láti àárọ̀ á sì já sí asán. "Àbúrò," ó ní, "oúnjẹ lo gbà lẹ́nu ẹyẹ yẹn láàárọ̀ yìí."

Lálẹ́, àwọn ayàwòrán kò jẹun tán. Wọ́n ní àwọn kò san owó tó tó báyìí láti wá wo orí ẹyẹ nínú koríko. Kí n lè tù wọ́n nínú, mo ní pitta ti dájú. Gbèsè ìlérí kan wà lọ́rùn mi, mo tún fi ìlérí mìíràn san án.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ nírọ̀lẹ́ yẹn tí n kò kà sí. A jókòó nínú ọgbà òtẹ́ẹ̀lì, ohùn fífé kan kọjá lókè orí wa, Màmá sì fò dìde: "Odídẹrẹ́ nìyẹn!" Mẹ́ta ni wọ́n, ìrù wọn pọ́n fòò nínú oòrùn alẹ́. Inú àgò nílé bàbá rẹ̀ àgbà nìkan ni Màmá ti rí odídẹrẹ́ láyé rẹ̀, àti ìkóódẹ lórí àwọn ìyàwó òrìṣà. Kò mọ̀ pé ó ń fò ga tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan lábẹ́ CITES, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, láti fòpin sí títa odídẹrẹ́ inú igbó láti ilẹ̀ kan sí èkejì, nítorí wọ́n ti kó o títí ó fi wọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi. Omi lé ròrò sójú Màmá. Tọkọtaya onílíìsì ti rí i rí, wọn kò gbójú sókè. Èmi náà ń ronú owó ọkọ̀ ojú omi.

Ohùn tó wà lẹ́yìn wa

Kibale jẹ́ igbó kìjikìji ní ìwọ̀-oòrùn Ùgáńdà, ẹ̀yà mẹ́tàlá nínú ìran ọ̀bọ ló ń gbé ibẹ̀, tí a bá ka ìnàkí mọ́ wọn. Ìnàkí ni ọ̀pọ̀ àlejò ń bá lọ. Ẹni tó ń wá pitta gbọ́dọ̀ ṣáájú wọn dé inú igbó, nítorí ìdájí ló ń ké, kí ìmọ́lẹ̀ tó wọlé dáadáa, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi dákẹ́. Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ ni a ti ń fi tọ́ọ̀ṣì rìn, ẹ̀ṣọ́ igbó gbé ìbọn ṣáájú nítorí erin.

Nígbà tí a dé ibi tí ẹ̀ṣọ́ ti gbọ́ ẹyẹ náà lánàá, Ẹ̀gbọ́n fi sípíkà kékeré kan gbé ohùn pitta sáfẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹyẹ dáhùn lókèèrè. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ dá a dúró níbẹ̀. Àwọn ayàwòrán ní kó tún un ṣe, èmi náà ní kó tún un ṣe. Ó lé ní ogún ìgbà tí a tún un ṣe. Ẹyẹ dáhùn lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà kẹ́kẹ́ pa. Aago mẹ́jọ lù, ọwọ́ òfo ni a fi jáde.

Akọ ẹyẹ tó ń ké bẹ́ẹ̀ ń sọ pé òun ló ni ilẹ̀ náà, ó sì ń pe abo. Bó bá gbọ́ ohùn akọ mìíràn, ó ní láti pa oúnjẹ àti abo tì kó wá wo ẹni tó wọlé rẹ̀. Bí ohùn ọ̀hún kò bá dákẹ́, tí kò sì rí ẹnì kankan, ó lè sú u, ó sì lè sá fún ẹni tó rò pé apá òun kò ká. Kò sí amọ̀nà tí kò mọ èyí. Mímọ̀ ọ́n kò dí wa lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ọ̀sán ni nǹkan yí padà, ọ̀dọ́mọkùnrin agbohùnsílẹ̀ ló sì yí i. Kò bá wa jà. Ó pè wá sábẹ́ igi, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sórí tábìlì, ó ní kí a wá gbọ́ ohun tí òun gbà láàárọ̀. Ara wa ni a gbọ́. Síípù àpò. Ikọ́. Kámẹ́rà tó ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Ohùn mi, tí mò ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ tún un ṣe." Sípíkà wa, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹwàá. Ó dá ẹ̀rọ dúró, ó dá a padà sẹ́yìn díẹ̀, ó ní kí a tẹ́tí sí abẹ́ ohùn sípíkà. Ìgbà náà ni a gbọ́ ọ. Pitta gidi ń ké, ó sún mọ́ wa ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀yìn wa ló sì ti ń wá. Gbogbo wa ti kọjú síbi tí a gbé sípíkà sí. Ohùn tirẹ̀ ni a fi bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán ló kọ́kọ́ lanu, ó ní, "Lọ́la, ẹ fi nǹkan yẹn sílẹ̀ níbí." Mo ti bá àlejò sọ̀rọ̀ títí nípa ìwà tó yẹ nínú igbó, n kò rí èyí tó wọ̀ wọ́n lára tó ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn lábẹ́ igi.

Lọ́jọ́ kejì, a ti ṣí gbogbo síípù sílẹ̀ kí a tó kúrò nínú mọ́tò. Àwọn ayàwòrán pa ohùn kámẹ́rà wọn. Ẹ̀ṣọ́ mú wa jókòó sórí igi wíwó kan, a sì lúgọ síbẹ̀ bí ọdẹ. Ìṣẹ́jú márùnlélógójì kọjá. Ẹ̀fọn jẹ wá. Lẹ́yìn náà ohùn kan ta pìrì nínú òkùnkùn, ó tún ta, ẹyẹ kan sì fò sókè lórí ẹ̀ka tó wà nítòsí ilẹ̀, ó padà balẹ̀ sójú kan náà, bí ìgbà tí gúgúrú bá ta nínú ìkòkò. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà. Mẹ́rin nínú àwọn àlejò rí i dáadáa. Ìyá nínú tọkọtaya rí ìrù rẹ̀ nìkan, ayàwòrán kan sì ní fọ́tò kan tí kò ṣe kedere. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn gba ohùn tí kò ní ariwo ènìyàn kankan nínú. Lọ́nà ilé, ayàwòrán oní-fọ́tò bíbàjẹ́ ló ń sọ ìtàn náà jù.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn a lọ sí irà Bigodi tó wà létí igbó, tí àwọn ará abúlé fúnra wọn ń tọ́jú. Agbe ńlá méjì ń jẹ èso lókè igi, aró ló pọ̀ jù lára wọn. Màmá bẹ̀rẹ̀ láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́: "Agbe ló laró, kì í ráhùn aró, àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn, lékeléke ló lẹfun, kì í ráhùn ẹfun." Bàbá onílíìsì ní kó tún un sọ, ó sì kọ "agbe" sínú ìwé rẹ̀.

Ruhija

Ọjọ́ kan gbáko ni a fi wa mọ́tò gba àárín ọgbà ẹranko Queen Elizabeth lọ sí Ruhija, ní apá òkè Bwindi. Igbó Bwindi wà lára ogún àgbáyé UNESCO láti ọdún 1994. Ruhija ga ju 2,000 mítà lọ, òtútù ibẹ̀ mú. Lójú ọ̀nà ni mo rí i pé orúnkún Màmá ti wú. Kò sọ ọ́ torí kò fẹ́ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ọ̀nà tó lọ sí irà Mubwindi, níbi tí broadbill ń gbé, dà gẹ̀rẹ́ wọ àfonífojì, ibi tí èèyàn bá bá sọ̀kalẹ̀ ló sì máa gùn padà. Bí Màmá bá lọ, kò ní lè padà láìsí ìrora. Bí mo bá dá a dúró lójú gbogbo ènìyàn, mo ti dójú tì í. Ẹ̀gbọ́n ló mọ̀ ọ́n ṣe. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó lọ bá a níbi tó ti ń mu tíì, ó kúnlẹ̀ tì í, ó ní, "Màmá, ojú ọ̀nà òkè yìí náà kún fún ẹyẹ, mo sì fẹ́ ẹni tí yóò bá mi wò ó. Ṣé ẹ ó gbà?" Màmá wò ó títí. "Ọmọ mi," ó ní, "o ti rí orúnkún mi." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Amọ̀nà kejì àti alábàárù kan bá a lọ, wọ́n rọra ń rìn, wọ́n ń jókòó.

Àwa yòókù sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ mọ ibi tí broadbill ń kọ́ ìtẹ́ sí. Ó dá wa dúró síbi tó jìnnà, ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sí iná kámẹ́rà, kò sí sípíkà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kọjá igi kan tó fi hàn wá. Mo múra sílẹ̀ de ìjà. Ìjà kò wá. Ẹyẹ náà gbé ewéko lẹ́nu, ó wọlé, ó jáde, ó tún gbé òmíràn wá. Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé, ayàwòrán tó kígbe jù ní Mabamba ló kọ́kọ́ yíjú padà.

Ìrọ̀lẹ́ ni a gùn dé òkè, ẹsẹ̀ ń gbọ̀n. Màmá ń dúró dè wá pẹ̀lú ìròyìn tirẹ̀. Ẹyẹ kan nínú ẹbí agbe ti fò la ọ̀nà kọjá níwájú rẹ̀, aláwọ̀ ewé ni tó bá pa apá dé, ṣùgbọ́n bó ti ṣí i báyìí, inú rẹ̀ pọ́n bí osùn. Amọ̀nà kejì ti sọ fún un pé bàbà wà nínú èròjà tó mú ìyẹ́ yẹn pọ́n, òótọ́ sì ni. Ó sọ ọ́ fún gbogbo wa lẹ́ẹ̀mejì.

Òwúrọ̀ kejì

Ọjọ́ tó kẹ́yìn, ọjà iṣẹ́ ọnà ní Kampala ni mo kọ sínú ètò. Mo bi àwọn àlejò léèrè bóyá wọ́n fẹ́ fi ọjọ́ náà padà sí Mabamba. Mo sọ fún wọn pé ó ṣeé ṣe kí a má rí nǹkan kan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn ní kí a lọ.

Aago márùn-ún ààbọ̀ a ti wà lójú ọ̀nà. Mo wá atukọ̀ yẹn rí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú Ẹ̀gbọ́n, mo sì san gbogbo owó rẹ̀, àti ẹ̀bùn, kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tó wọ ọkọ̀. Èyí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe ní Ùgáńdà. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, mo ti so oúnjẹ ilé rẹ̀ mọ́ bí ó bá ṣe sún mọ́ ẹyẹ tó. Báyìí, kò sí ohun tí yóò pàdánù bó bá sọ pé rárá.

Ó sì sọ ọ́. Shoebill dúró lẹ́bàá omi, ó tó àádọ́rin mítà. Atukọ̀ gúnlẹ̀ sínú papírúsì, ó gbé ọ̀pá sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní ibi tí òun dé nìyẹn. Ọkọ̀ méjì mìíràn dé, ó fi ọwọ́ dá wọn dúró lẹ́yìn wa. Wákàtí kan ó lé. Ẹyẹ náà yí orí lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ń gba ohùn àkèré sílẹ̀. Lójijì ẹyẹ náà wó lulẹ̀ síwájú, tòun tapá tẹnu, ó dìde pẹ̀lú ẹkún ẹnu koríko, ẹja mamba kan sì ń yí nínú rẹ̀. Ó rọra ń tu koríko dànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ẹnu títí ó fi ku ẹja nìkan, ó sì gbé e mì. Nínú ọkọ̀ kejì, ẹnìkan mí kanlẹ̀. Fọ́tò tí àwọn ayàwòrán ní kéré, ìkùukùu sì wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ráhùn.

Láti ìgbà náà, Mabamba máa ń wà ní ìdájí nínú ètò wa, a sì ń fi òwúrọ̀ kan sílẹ̀ lófo lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, kí ọkọ̀ má bàa kánjú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. A ń san owó atukọ̀ àti ẹ̀bùn rẹ̀ létí omi, kí a tó tukọ̀, òun ló sì ń pinnu ibi tí a ó dúró sí. Ẹ̀gbọ́n kì í lo sípíkà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ níbì kan, kò sì jẹ́ lò ó nítòsí ìtẹ́, tàbí níbi tí amọ̀nà mìíràn ti lò ó lọ́jọ́ yẹn. Bí àlejò bá ní kó tún un ṣe, ó ń wo ojú mi, èmi ni mò ń sọ pé rárá. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn fún wa láyè láti máa lo ohun tó gbà ní Kibale. Alẹ́ tó ṣáájú ìgbà tí a máa wọgbó ni a ń gbé e sí i fún àwọn àlejò tuntun, tòun ti síípù, ikọ́ àti ohùn mi, a sì ń ní kí wọ́n wá ẹyẹ gidi tó wà lábẹ́ rẹ̀. Díẹ̀ ló ń gbọ́ ọ nígbà àkọ́kọ́.

"A ó wá" ló wà nínú ìwé ètò báyìí, níbi tí "ẹ ó rí" wà tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ti tìtorí rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tó ń ṣèlérí, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Fọ́ọ̀mù náà ti yí padà. Ìbéèrè nípa irú ẹyẹ tí àlejò fẹ́ wà nísàlẹ̀. Lókè, ohun tí a kọ́kọ́ ń béèrè ni: "Báwo ni orúnkún yín?" Màmá ló bá mi kọ ìyẹn, nínú mọ́tò, láàárín Mabamba àti pápá bàálù.